Èjìká tí ó tún yẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ wa

 

Àwọn olùdarí Ẹgbẹ́ wa ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó jẹ mọ́ ìlera, tí yóò sì ṣe ọmọ ìlú ní àǹfààní. Ohun tí mo yàn ni ọ̀rọ̀ èjìká tí ó yẹ̀, tí àwọn oníṣègùn ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí, tí ó sì tún padà yẹ̀. Ó lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn, nítorí pé èjìká tí ó yẹ̀ kì í sábà pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí ó máa ń bá. Àwọn ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù ni, àwọn tí ń ru búlọ́ọ̀kù, àwọn tí ń gun ọ̀pẹ, àwọn tí ń ju àwọ̀n sínú omi. Apá ni oko wọn, apá ni ṣọ́ọ̀bù wọn. Bí ẹbí bá ti ta ohun tí wọ́n ní láti san owó iṣẹ́ abẹ, tí apá náà sì tún yọ ní ọjọ́ kan tí ọmọ náà ń wọ ẹ̀wù, ìbànújẹ́ tí ó máa ń bá irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹlòmíràn a ní àwọn aráyé ni. Ẹlòmíràn a ní oníṣègùn ni ó tàn wá jẹ. Ẹ̀kẹta a ní kí a sáré padà lọ ṣe ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun tí mo wá sọ lónìí ni pé kò yẹ kí a gba èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́ kí a tó béèrè ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí èjìká ti rí. Oríkèé ìbàdí dàbí ọmọ odó tí a tẹ̀ bọ inú odó: ihò rẹ̀ jìn, kì í tètè yọ. Èjìká kò rí bẹ́ẹ̀. Àwo pẹrẹsẹ kékeré kan ni ó wà lára palaba èjìká, orí eegun apá sì tóbi ju àwo náà lọ púpọ̀. Ẹlẹ́dàá ṣe é bẹ́ẹ̀ kí apá lè lọ sókè àti sísàlẹ̀, síwájú àti sẹ́yìn, kí a lè nawọ́ ká èso, kí a sì lè fọwọ́ họ ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fún apá ní òmìnira yìí náà ni ó mú kí ó máa tètè yẹ̀. Nínú gbogbo oríkèé ńláńlá tí ó wà lára ènìyàn, kò sí èyí tí ń yẹ̀ tó o.

Kí ni ó wá ń dì í mú? Ohun mẹ́ta ni. Èkíní ni ohun kan tí kì í ṣe eegun, tí kì í sì í ṣe ẹran, tí ó rọ̀ díẹ̀ bí rọ́bà, tí ó sì yí etí àwo náà ká. Ẹ̀yin ìyá wa mọ òṣùká tí a ń ká sórí kí ìkòkò omi má baà yí dànù. Iṣẹ́ òṣùká ni ohun yìí ń ṣe fún orí eegun apá. Èkejì ni awọ líle tí ó dì í yíká bí àpò. Ẹ̀kẹta ni àwọn iṣan tí ó yí i ká, tí wọ́n ń fà á mọ́ àárín àwo ní gbogbo ìgbà tí a bá ń lo apá.

Bí ẹnì kan bá ṣubú lé ọwọ́ tí ó nà, tàbí tí wọ́n bá fa apá rẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí ó gbé e sókè, orí eegun a fò kúrò lórí àwo. Nínú 100 èjìká tí ó bá yẹ̀, ó lé ní 90 tí ń yọ síwájú. Bí ó ti ń jáde, a máa ya òṣùká náà kúrò lára eegun. Ní ọdún 1923 ni oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Arthur Sydney Blundell Bankart, kọ ọ́ sínú ìwé pé yíya yìí ni ó ń mú kí èjìká máa yẹ̀ léraléra, àti pé kí a rán an padà mọ́ eegun ni ìwòsàn rẹ̀. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe iṣẹ́ abẹ náà. Ní ọdún 1940, àwọn oníṣègùn méjì ní Amẹ́ríkà, Hill àti Sachs, ṣàlàyé ọgbẹ́ kejì: ẹ̀yìn orí eegun apá a máa kọlu etí àwo, a sì tẹ̀ wọnú bí abọ́ irin tí ó já lulẹ̀.

Ìdààmú yìí kì í ṣe ti òde òní. Ó ti lé ní 2,000 ọdún tí Hippocrates, baba àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìkì, ti ń fi irin gbígbóná jó abẹ́ abíyá àwọn tí èjìká wọn ń yẹ̀ ṣáá, kí àpá ibẹ̀ lè fún, kí ó sì dí ọ̀nà tí eegun ń gbà jáde. Lónìí, ihò kéékèèké ni a sábà ń dá sí ara, tí a fi ẹ̀rọ tí ó ní iná àti ojú lẹ́nu wo inú oríkèé, tí a sì fi okùn àti ìṣó kéékèèké so òṣùká padà sáyè rẹ̀. Iṣẹ́ rere ni. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ti tipa rẹ̀ padà sí oko àti sí pápá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń dúró, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ní ilẹ̀ wa nìkan; ó ń rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, ó ń rí bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ẹ wo ìlẹ̀kùn tí ó já. Káfíńtà wá, ó kàn án padà mọ́ férémù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó tún já. Bí káfíńtà náà bá jẹ́ ọlọ́gbọ́n, kò ní kọ́kọ́ wá ìṣó. Yóò fi ọwọ́ tẹ igi férémù wò bóyá ikán ti jẹ ẹ́. Bí ikán bá ti jẹ igi, bí ó ti wù kí ìṣó náà dára tó, kò sí ohun tí yóò dì mú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ èjìká tí ó padà yẹ̀. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìbéèrè mẹ́rin ni ó yẹ kí oníṣègùn àti ẹbí jọ dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó tún gbé ọ̀bẹ.

Ìbéèrè kìíní: báwo ni ó ti ṣe padà yẹ̀? Bí ẹnì kan bá ti lo apá rẹ̀ fún ọdún mélòó kan láìsí wàhálà, tí alùpùpù sì wá gbé e ṣubú, ìjàǹbá tuntun ni ìyẹn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ lè má ní àbùkù kankan. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé nínú oorun ni ó yẹ̀, tàbí nígbà tí ó nawọ́ mú ife lórí pẹpẹ, a mọ̀ pé ohun kan ṣì kù nínú oríkèé náà tí a kò tíì tún ṣe. A tún ní láti béèrè bóyá ó ń yọ jáde pátápátá, tàbí ó kàn ń mì, tí ẹ̀rù sì ń ba ẹni náà láti gbé apá sókè.

Ìbéèrè kejì: ṣé eegun ṣì pé? Èyí ni ó ṣe pàtàkì jù. Ní gbogbo ìgbà tí èjìká bá yẹ̀, ó lè ṣán lára etí àwo, ó sì lè mú kí ọgbẹ́ ẹ̀yìn orí eegun jìn sí i. Bí etí àwo bá ti ṣán púpọ̀, òṣùká tí a rán mọ́ ọn kò ní ibi tí yóò fi ìdí tì. Ní ọdún 2000, Burkhart ti Amẹ́ríkà àti De Beer ti Gúúsù Áfíríkà ṣe ìròyìn 194 èjìká tí a fi ẹ̀rọ ìwonú rán. Nínú 173 tí eegun wọn kò ní àdánù ńlá, 7 péré ni ó padà yẹ̀. Nínú 21 tí eegun wọn ti ṣòfò púpọ̀, 14 ni ó padà yẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni. Eegun ni ó yàtọ̀. Àwòrán X-ray lè fi díẹ̀ hàn nínú èyí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ CT ni ó ń jẹ́ kí a wọn bí eegun tí ó ṣòfò ti pọ̀ tó. MRI ní tirẹ̀ a máa fi òṣùká, awọ àti iṣan hàn.

Ìbéèrè kẹta: ta ni ó ni èjìká náà? Ọjọ́ orí ń sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ń sọ̀rọ̀. Ní ọdún 2007, Balg àti Boileau wo ènìyàn 131 tí a ti fi ẹ̀rọ ìwonú rán èjìká wọn, wọ́n sì gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ tí máàkì rẹ̀ jẹ́ 10. Ẹni tí kò bá ju ọmọ 20 ọdún lọ nígbà iṣẹ́ abẹ gba 2. Ẹni tí ń ṣe eré ìdíje gba 2. Eré ìkọlura tàbí èyí tí a ń gbé apá sókè ṣe gba 1. Ẹni tí oríkèé èjìká rẹ̀ dẹ̀ jù gba 1. Ọgbẹ́ orí eegun tí ó hàn nínú X-ray gba 2. Etí àwo tí ó ti ṣán nínú X-ray gba 2. Àwọn tí máàkì wọn ju 6 lọ, 70 nínú 100 wọn ni èjìká wọn padà yẹ̀. Àwọn tí tiwọn kò ju 6 lọ, 10 nínú 100. Ẹ wo ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 tí ń ṣọ́ ilé fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù nínú ìdíje, tí X-ray rẹ̀ sì fi ọgbẹ́ méjèèjì hàn: máàkì 9 ni tirẹ̀. Ìránpadà lásán kò tó fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè tó fún olùkọ́ ẹni ọdún 35 tí kì í ṣe eré ìdíje kankan, tí eegun rẹ̀ sì pé.

Nínú ìbéèrè kẹta yìí ni ọ̀rọ̀ wárápá wà, mo sì fẹ́ kí a sọ ọ́ láìfi ìtìjú bò ó. Gìrì wárápá lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè yọ èjìká, kódà kí ó yọ ọ́ sẹ́yìn. Bí ẹbí bá fi wárápá pamọ́ fún oníṣègùn, kò sí iṣẹ́ abẹ tí gìrì kan kò lè bàjẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Oògùn wárápá ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tò gún régé. Àwọn kan sì wà tí oríkèé wọn dẹ̀ látìgbà èwe, tí èjìká wọn ń yọ síwájú, sẹ́yìn àti sísàlẹ̀ láìsí ìjàǹbá kankan. Eré ìdárayá tí ń fún iṣan lókun, tí a fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe lábẹ́ ojú physiotherapist, ni ìwòsàn tí a kọ́kọ́ ń fún wọn.

Ìbéèrè kẹrin: kí ni a ṣe nígbà àkọ́kọ́, kí ni ó sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀? Ṣé òṣùká náà mú, tàbí kò mú? Ṣé ìṣó yí kúrò láyè? Ṣé ẹni náà bọ́ aṣọ ìgbápá sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì nítorí pé kò dùn ún mọ́? Ṣé kòkòrò àìfojúrí kan wọ inú ojú iṣẹ́ abẹ náà? Kòkòrò kan wà tí ó fẹ́ràn awọ èjìká, tí ń rọra ba iṣẹ́ jẹ́ láìsí ibà, láìsí ikùn. Bí oníṣègùn bá fura sí i, a ní láti wá a rí kí a sì lé e lọ kí a tó tún ohunkóhun ṣe. Bí ẹni náà bá sì ti lé ní ẹni 40 ọdún, ó yẹ kí a wò ó bóyá àwọn iṣan tí ń gbé apá sókè ti já.

Nígbà tí a bá ti rí ìdáhùn, ìwòsàn yóò tẹ̀lé e. Bí ó bá jẹ́ ìjàǹbá tuntun, tí eegun pé, tí òṣùká sì ṣeé rán, a lè tún un rán. Bí ọgbẹ́ ẹ̀yìn orí eegun bá jìn, a lè fa iṣan àti awọ ẹ̀yìn bọ inú rẹ̀ kí ó má baà máa kọ́ etí àwo mọ́. Bí etí àwo bá ti ṣòfò, eegun ni a fi ń dí àyè eegun. Ní ọdún 1954, Michel Latarjet ti ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé ṣàlàyé bí a ti ń gé eegun kékeré kan tí ó yọrí níwájú èjìká bí ẹnu ẹyẹ, pẹ̀lú iṣan tí ó so mọ́ ọn, tí a sì ń fi ìṣó dè é mọ́ iwájú àwo. Eegun náà sọ àwo di fífẹ̀. Iṣan náà sì ń dúró bí ọ̀já níwájú orí eegun nígbà tí a bá gbé apá sókè, bí ìgbà tí ìyá fi ọ̀já gbá ọmọ mọ́ra. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ti Latarjet gan-an ni ó bàjẹ́, a tún lè mú eegun láti ìbàdí aláìsàn fúnra rẹ̀ láti fi tún àwo náà kọ́.

N kò ní sọ fún yín pé iṣẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì rọrùn bí ti àkọ́kọ́. Àpá ti wà nínú ẹran, àwọn iṣan ìmọ̀lára tí ń mú apá ṣiṣẹ́ sì wà nítòsí ibi tí ọ̀bẹ yóò kọjá. Eegun tí a gbìn lè má mú, oríkèé lè le gan-in, ó sì lè máa roni lọ́jọ́ ogbó. Nítorí náà, ó dára kí a lọ bá oníṣègùn tí iṣẹ́ èjìká mọ́ lọ́wọ́. Ilé ìwòsàn eegun tí ó wà ní Igbóbì ní Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1945 fún àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a ti mọ iṣẹ́ eegun ní ilẹ̀ wa. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí kò yẹ kí a tún gbé ọ̀bẹ sí rárá: àgbàlagbà tí èjìká rẹ̀ ń mì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó sì lè yí ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ padà. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún iṣan rẹ̀ lókun, kí ó sì yẹra fún gbígbé apá sókè sẹ́yìn. Kì í ṣe ojo ni ó ṣe, ọgbọ́n ni.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, sùúrù ni oògùn tí ó kù. Aṣọ ìgbápá a máa wà lọ́rùn fún ọ̀sẹ̀ 3 sí 6, gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn bá ti pàṣẹ. Lẹ́yìn náà ni a ó bẹ̀rẹ̀ sí na apá díẹ̀díẹ̀, kí a tó wá fún iṣan lókun. Eré ìkọlura kì í sábà wáyé kí oṣù 4 sí 6 tó pé. Ara lè yá kí inú oríkèé tó san. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fi ipá mú ní í nini lára.

Bí èjìká bá yẹ̀ lórí pápá ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, kí ogúnlọ́gọ̀ má fà á. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn baba wa tí ń to eegun, ọ̀pọ̀ wọn ni ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n èjìká tí ìṣó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí a ń fà láìtíì rí àwòrán rẹ̀, nítorí pé eegun lè ti dá pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ fi aṣọ gbé apá náà kọ́ ọrùn bí ẹ ti bá a, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹ̀gbẹ́ èjìká bá kú tipiri, bí ọwọ́ bá tutù tàbí tí ó funfun, bí kò bá lè mi ìka rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín nílé.

Níkẹyìn, mo bẹ Ẹgbẹ́ wa ní ohun mẹ́ta. Èkíní, kí a kọ́ àwọn olùkọ́ eré ìdárayá ní ilé ìwé wa bí a ti ń di apá kọ́ ọrùn, kí a sì ra aṣọ ìgbápá fún wọn. Èkejì, kí a gba gbogbo ẹbí níyànjú láti tọ́jú ìwé iṣẹ́ abẹ àti àwòrán X-ray bí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé ilẹ̀, nítorí pé oníṣègùn kejì kò lè mọ ohun tí ti àkọ́kọ́ ṣe bí kò bá rí àkọsílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ó ká mi lára jù. Nígbà tí a bá ń dá owó jọ fún ọmọ ìlú kan láti tún iṣẹ́ abẹ èjìká ṣe, owó àwòrán CT ni kí a kọ́kọ́ san. Owó náà kéré sí ti iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n òun ni yóò sọ fún wa bóyá ìṣó ni a nílò, tàbí igi férémù ni ikán ti jẹ. Ẹni tí ó bá san owó iṣẹ́ abẹ láìtíì san ti àwòrán lè san án lẹ́ẹ̀mẹta.

Ògiri tí kò bá lanu, aláǹgbá kì í ráyè wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a wá ibi tí ògiri ti lanu kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí lé aláǹgbá. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí apá ọmọ ìlú wa kankan rọ.